Ọ̀dà Funfun Lórí Ọ̀gànwó

Wọ́dúróòbù ni Shakirat fẹ́ fi pákó náà ṣe nígbà tó rà á. Ìgbà tó ń fá a ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Múṣin ló rí i pé ojú rẹ̀ ò dà bíi ti àwọn yòókù. Ó da omi díẹ̀ sí i, ó fọwọ́ nù ún. Ọ̀gànwó ni, àmọ́ ńṣe ni ara rẹ̀ ń ru bí ojú ọ̀sà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù. Téèyàn bá wò ó láti ọ̀tún, á ṣókùnkùn. Téèyàn bá bọ́ sí òsì, á máa dán bí oyin. Ó gbé e lọ sílé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì wá pákó míì fún wọ́dúróòbù.

Ayọ̀miídé nìkan ló fi hàn. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Ayọ̀miídé ń gbé Yaba báyìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, òun ló sì ń ta jìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àgùdà. Béèsì rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ gbòòrò ju ọwọ́ Ayọ̀miídé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti sán. Nígbà tó rí pákó yẹn, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó kàn ń fi ìka tọ àwọn ìlà ara rẹ̀.

"Ṣakí, fi ṣe béèsì fún mi."

"Ṣé orí ẹ pé? Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ṣé béèsì kì í ṣe igi ni? Jọ̀ọ́. Mo fẹ́ èyí tí ẹnì kankan ò ní irú ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tú béèsì àtijọ́ palẹ̀ nìyẹn. Shakirat wọn gbogbo ẹ̀, ó sì ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Ọrùn tó kọ́kọ́ gbẹ́ wọ́, ó sọ ọ́ nù. Èkejì ló gún. Arère ló fi ṣe ara rẹ̀ torí pé ó fúyẹ́, kó má baà máa dun Ayọ̀miídé léjìká. Ọ̀gànwó yẹn ò tó gbogbo ara, nítorí náà ó là á sí méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ṣíwèé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú arère náà, tó fi jẹ́ pé ìlà ọ̀tún kọjú sí ìlà òsì bí ìbejì. Òróró nìkan ló fi pa á. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti mágnẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ohùn, ara béèsì àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Àsìkò òjò wọlé, ó tún kọjá, iṣẹ́ náà ò tíì parí. Lọ́jọ́ tí Ayọ̀miídé wá so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, tó fa okùn tó nípọn jù, àwọn fọkanáísà òdìkejì títì pàtẹ́wọ́. Ayọ̀miídé bú sẹ́kún, ó dì mọ́ Shakirat pẹ̀lú gbogbo ìyẹ̀fun igi ara ẹ̀.

"Èló ni kí n san?"

"Ẹ̀bùn ni. Má bú mi."

Nígbà tí ayẹyẹ ọdún ṣọ́ọ̀ṣì náà dé, Ayọ̀miídé ní kó wá gbọ́ ọ. Shakirat ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó wọ híjáàbù tó dára jù tó ní, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgùdà, wọ́n sì fún un ní àga lẹ́yìn. Àwọn akọrin jáde, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Dùrù funfun, ìlù funfun. Béèsì tó wà lọ́rùn Ayọ̀miídé náà funfun.

Ó rò pé òmíì ló yá. Ó wo ìwo rẹ̀, ibi tó yọ ṣóńṣó lókè, tó tẹ̀ díẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì mọ̀ pé èyí tóun ṣe ni.

Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró dè é nítòsí géètì.

"O gbọ́ ohùn ẹ̀?" Ayọ̀miídé ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kùn ún?"

"Àwọn tó ń kun mọ́tò ni. Búrọ̀dá Dennis tó ń darí wa ní kí gbogbo nǹkan jẹ́ funfun. Ṣakí, mi ò lè torí àwọ̀ máa bá wọn jà."

"O sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é?"

Ayọ̀miídé wolẹ̀. "Wọn ò béèrè."

"Gbé e wá fún mi. Mo máa ha á."

Ayọ̀miídé gbé e wá lóòótọ́. Shakirat rọra ń ha ọ̀dà náà, ó ń retí kí ọ̀gànwó rẹ̀ yọjú. Arère ló yọjú, ó funfun báláú, kò ní ìlà kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha ara mọ́tò ni wọ́n fi ha jìtá náà kí wọ́n tó kùn ún, ó sì ti jẹ ọ̀gànwó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tán. Etí ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun ọ̀dà, ó gbé e lé itan. Inú rẹ̀ korò débi pé omi ò jáde lójú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ ra ọ̀dà funfun. Ó kùn ún, ó tún un kùn, títí ó fi dán ju ti àwọn tó ń kun mọ́tò lọ. Ayọ̀miídé wá gbé e.

"Háà, ó mà wá dáa ju tẹ́lẹ̀ lọ o! Àbí o ò rí i?"

"Mo rí i."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí."

Láti ìgbà yẹn, bí Ayọ̀miídé bá pè é, á gbé fóònù. Á ní ara òun le, á ní iṣẹ́ pọ̀. Ayọ̀miídé ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é. Búrọ̀dá Dennis ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àǹtí Ayọ̀miídé ló ní kí n pè yín. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀dà kùn tó yín ní Múṣin. Àwọn àga akọrin wa ni."

Shakirat gbé ohun ìfági kalẹ̀.

"Ó ṣì yín lọ́nà," ló wí. "Mi ò kì í kun ọ̀dà." Ó pa fóònù, ó sì kọjú sí bẹ́ẹ̀dì tó ń kàn lọ́wọ́.