Àwọn Obìnrin Ọjọ́bọ̀

Ogún ọdún gbáko ni Lucius Tarpley fi ṣiṣẹ́ ìṣírò ní Chicago. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn kò ju ọ̀kan lọ: wíwọn bí ìlú ṣe ya ibùgbé dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti funfun. Wọ́n á gba ìwé ìkànìyàn ìjọba, wọ́n á wo iye dúdú àti iye funfun tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ títí yóò fi ja sí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nínú ọgọ́rùn-ún dúdú, mélòó ni yóò kó ẹrù kúrò níbi tó wà kí gbogbo àdúgbò tó lè rí bákan náà? Nígbà ìkànìyàn 1940, Lucius ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀. Àádọ́rùn-ún.

Nígbà tí ti 1950 jáde, Thurman Gaines ni wọ́n gbé e fún. Ọmọ dókítà ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó gba oyè ní yunifásítì méjì. Òun náà ni ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Munson, ní kó lọ ka àbájáde rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú lọ́jọ́ Ajé. Ìgbìmọ̀ ń rò ó bóyá kí àwọn ṣòfin tí kò ní jẹ́ kí onílé tìtorí àwọ̀ lé ẹni tó fẹ́ yá ilé.

Lucius gbọ́. Ó ní, “Ó dáa.” Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Inú rẹ̀ ń ta bí ojú egbò.

Lọ́jọ́rú, Thurman fọwọ́ méjèèjì gbé ìwé wá bá a.

“Bàbá Tarpley, ẹ bá mi wò ó. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìlú yìí ń yí padà.”

Ojú Lucius bọ́ sára àwọn àdúgbò olówó tó wà létí adágún. Dúdú mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye òyìnbó.

“Ó dá ọ lójú?”

“Mo fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, sà. Mo rí àwọn obìnrin wa lójú títì. Wọ́n múra dáadáa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò dí wọn lọ́wọ́.”

Lucius mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń gba ìsinmi. Ilé òyìnbó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sùn, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná, ibẹ̀ sì ni akànìyàn kọ wọ́n sí. Ọmọ dókítà ò lè mọ̀. Nígbà tó kan Lucius ní 1940, ó ti yọ gbogbo wọn kúrò kó tó ṣírò.

“Ó dáa,” ló wí. Ó dá ìwé padà.

Kí ó lọ kà á. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan á já a nírọ́, ojú á tì í. Èrò yẹn dùn mọ́ Lucius títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Odessa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí tó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ létí adágún.

“Kí lo rí tí o fi ń rẹ́rìn-ín sínú?”

Lucius sọ fún un. Odessa rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Èmi náà ti wá di ará etí adágún. Ó ku kí n ra ọkọ̀ ojú omi.”

“Ìwé rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni ìgbìmọ̀ máa wí tí wọ́n bá gbọ́ ọ?”

Lucius tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀.

“Wọ́n á ní nǹkan ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí la fẹ́ fòfin ṣe? Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wá yàrá méjì, Lucius. Owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n á rí ojú mi, wọ́n á ní ẹnìkan ti gbà á. O mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ìwọ wá ń torí owú ọmọ ọlọ́mọ tì mí mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná.”

Lucius ò sẹ́ ẹ. Ó ń jowú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà fún Thurman. Ọmọ náà gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́rú?”

“Láti ọjọ́rú.”

Thurman bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fa àga kan sún mọ́ tábìlì Lucius. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yọ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò, ilé kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àádọ́rùn-ún ló tún jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yìn pátápátá ni Lucius jókòó sí nínú gbọ̀ngàn ìlú. Thurman kà á, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bí Thurman ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí òun yọ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò.

Lucius na ọrùn. Ó fẹ́ kí Thurman purọ́. Bó bá pe iṣẹ́ oníṣẹ́ ní tirẹ̀, Lucius á rí ohun tí yóò fi kórìíra rẹ̀ dójú ikú.

“Ọ̀gbẹ́ni Tarpley ló kọ́ mi,” ni Thurman wí. “Àwọn ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, irọ́ ni ǹ bá wá kà fún yín.”

Àwọn èèyàn yíjú padà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Lucius mi orí. Owú tó ń jẹ ẹ́ wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìgbìmọ̀ ní àwọn á dìbò lórí òfin náà lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n túká, Thurman ti mú kóòtù Lucius dání lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè é.

“Ẹ jẹ́ n bá yín wọ̀ ọ́, Bàbá.”

Lucius wá ìdí tí yóò fi kọ̀. Kò rí i. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó na apá sínú kóòtù náà.