Àṣìṣe Mi ní Ààlà Oòrùn

Ó ku wákàtí mẹ́ta péré kí n jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó máa fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé, ni mo rí i pé mo ti dáràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ní Òwu, ìlú wa, pé ojú ọ̀run lásán ni mò ń wò. Oòrùn máa ń fẹ́ atẹ́gùn. Atẹ́gùn náà gbé agbára òòfà dání, á máa lọ títí dé ààlà kan tí okun rẹ̀ á tán, tí atẹ́gùn àwọn ìràwọ̀ mìíràn á gba ibẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run ní ọdún 1977 ti kọjá ààlà yẹn, ó sì ń fi ìròyìn agbára òòfà ibẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti rò pé tí ọkọ̀ bá ti kọjá báyìí, agbára òòfà á kọjú síbòmíràn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá. Èmi Fàòsíyà, ọmọ awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì, ni mo wá sọ pé mo rí ọjọ́ kan tó yí. Gbogbo orí kẹrin ìwé mi dá lé ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí fáìlì kan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí ọkọ̀ yí ara rẹ̀ po, kí wọ́n lè mọ agbára òòfà tó jẹ́ ti ara ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ìta. Ọjọ́ tí wọ́n yí i po ni ọjọ́ mi. Ó yẹ kí n yọ àwọn wákàtí yẹn kúrò, mi ò sì yọ wọ́n. Bí ọmọdé tó pòòyì tán tó ní ilé ló ń yí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe.

Mo bú ara mi, mo bú kọ̀ǹpútà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ ti ní kí n mú ìwé-ẹ̀rí wá kí oṣù yẹn tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún ẹlòmíràn.

Níbi tí ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnfọwọ́kàn, ti ń páàkì mọ́tò ni mo ti ká a mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Orí kẹrin ti bàjẹ́. Ọkọ̀ ló yí, agbára òòfà ò yí."

Ó wo ìwé ọwọ́ mi títí. "Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan sà."

"Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ nínú yàrá yẹn. Gba oyè rẹ. Tó bá yá, a ó tún un ṣe."

Ọkùnrin yìí kan náà ló ti jẹ́ kí n tún ìṣirò kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nítorí ẹyọ nọ́ńbà kan. Inú bí mi gan-an. Èyí tó wá burú jù ni pé mo fẹ́ gbà fún un.

Mo wọlé, mo sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé orí kẹrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morónkẹ́ Fáyọmí, tó wá láti Ìbàdàn láti dán mi wò, ń mi orí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní iṣẹ́ gidi ni. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti dákẹ́. Ìyìn yẹn ni mi ò lè gbé mì.

"Ẹ má bínú mà," mo ní. "Orí yìí kì í ṣòótọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láàárọ̀ yìí, mà."

"Ṣé ọ̀gá rẹ mọ̀?"

Mi ò lè wo apá ibi tó jókòó sí. Òun ló dúró bíi bàbá fún mi nígbà tí bàbá mi kú. Ni mo bá gbọ́ tí àga ró.

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá wí. "Ó fẹ́ sọ. Èmi ni mo ní kó dákẹ́."

Wọ́n ní kí n tún orí kẹrin kọ, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ti lọ nìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gá ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, oṣù méjì ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Níta, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Dìde jàre," ó ní. "Tí o bá yọ àwọn wákàtí yẹn, kí ló kù?"

"Agbára òòfà ò yí, sà. Ibì kan náà ló kọjú sí."

"Ìyẹn ni kó o kọ."

Ó wọ mọ́tò lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Òun gan-an ni mo ń sunkún fún.