Ẹni Tó Pariwo Pé Ó Ti Tán

Ọmọ mi obìnrin bi mí lórí fóònù pé kí ni ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń wá láàárín àwọn tó ń yìnbọn ọ̀dà lu ara wọn. Mo ní eré ni mò ń ṣe. Ó ní irú eré wo nìyẹn, ṣé mi ò rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́ ni. Mo sọ fún un pé mo ti jókòó jẹ́jẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ìdí sì ti ń ro mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ jìnnà, ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò lè dá a lẹ́bi.

Gíláàsì ni mò ń gé. Gíláàsì fèrèsé, gíláàsì orí tábìlì, dígí ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni. Iṣẹ́ àdáṣe ni. Èèyàn kì í bá ẹni tó ń gé gíláàsì sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ sílé, màá tan rédíò, màá tún pa á, torí kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" tí mo kí ará ilé kejì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má rò pé mò ń wá àánú o. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Fèrèsé tó fọ́ ló gbé mi dé pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn ọ̀dà yẹn. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ti fi ìgbà kan rí jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Onífèrè ni gbogbo wa ń pè é. Mo ń kó irinṣẹ́ mi sínú àpò lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Bàbá Onígíláàsì, ẹnì kan ló dín nínú àwọn tó fẹ́ ṣeré yìí. Ṣé ẹ lè sáré?" Mo ní mi ò rántí ìgbà tí mo sáré gbẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ máa rántí tòní."

Ó wọṣọ fún mi bí ẹni ń múra ọmọ fún iléèwé. Ẹ̀wù tó nípọn, ìbọ̀wọ́, aṣọ tí wọ́n ń fi wé ọ̀fun, lẹ́yìn náà ìbòjú ńlá tó bo ojú àti etí dé àgbọ̀n. Mo fi èékánná kan ojú ìbòjú náà. Mo mọ gíláàsì dunjú, èyí kì í ṣe gíláàsì. Ike ni, kò sì lè fọ́ wẹ́wẹ́ síni lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ìgò gáàsì wà nídìí rẹ̀, agolo ọta wà lórí rẹ̀. Ọta yẹn rọ̀, ó rí róbótó, ọ̀dà ló kún inú rẹ̀. Ó fi àpò aṣọ kékeré kan bo ẹnu ìbọn, ó ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ́ àfi tí mo bá ti wọ inú pápá. Ó yìn ín síwájú ẹ̀rọ kan tó ń wo bí ọta ṣe ń yára tó, ó ní ó ti yára jù, ó yí nǹkan kan nídìí rẹ̀, ó tún yìn ín.

"Òfin kan ló wà níbí tí mo lè tìtorí ẹ̀ lé bàbá tó bí mi jáde," ló wí. "Ìbòjú ò gbọdọ̀ kúrò lójú yín. Ooru ì báà mú, kòkòrò ì báà wọnú ẹ̀. Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Tí mo bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lè bọ́ ọ nígbà yẹn."

Wọ́n lù mí bí ẹni lu bàrà lọ́jọ́ náà. Ọta kan bà mí nítan, ó sì wú, ó pupa, ó tún wá dúdú. Mo délé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fọwọ́ pa á. Ó pẹ́ tí nǹkan kan láti ara ẹlòmíràn ti kàn mí lára. Mo ń pa itan mi bí òmùgọ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó di Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé pápá.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun kò jìnnà sí tèmi, títì kan ló là wá láàárín, ṣùgbọ́n mi ò yà síbẹ̀ rí, torí pé orí mi ti pá tipẹ́. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún kéré sí mi, kò níyàwó mọ́, èdè wa sì yé ara wa. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó máa ń wo orí mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní orí gbogbo ayé rí bíi tiyín, ebi ni ì bá pa mí kú." Tí eré bá parí, àwa méjèèjì la máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí a ó máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu ìbòjú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá sílé mi ní gbogbo Sọ́ńdè. A ó mu tíì, a ó jẹ búrẹ́dì, á fá irùngbọ̀n mi, á sì máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo máa ń tọ́jú ife tó lò sílẹ̀ láìfọ̀ títí di ọjọ́ kejì, kó lè dà bíi pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ló sọ ti ìyá rẹ̀ fún mi. Ìyá náà a máa dá ẹnì kan lóhùn ní kíṣìnnì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni ní kíṣìnnì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọdún tó yípo, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, oògùn tí wọ́n ń fún un sì ń mú un sùn látàárọ̀ dalẹ́. "Ohun kan tí mò ń bẹ̀rù láyé nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Kí n gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Sátidé kan ni, eré àṣekágbá. Èmi àti Onígbàjámọ̀ wà lápá ọ̀tún, èmi lẹ́yìn àgbá, òun lẹ́yìn táyà tí wọ́n tò léra, a ò ju ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ síra wa. Ariwo ìbọn ń dún paa-paa-paa. Mo fa ìbọn mi, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ọta mi ti tán. Mo yíjú sí i, mo pariwo pé, "Ó ti tán!" Ọta ni mo ń sọ. Mo fẹ́ kó mọ̀ kó lè bò mí. Òun gbọ́ "ó ti tán", ó rò pé eré ni. Ooru ẹnu ti bo ojú ìbòjú rẹ̀, kò ríran dáadáa, ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìbòjú sókè.

Ọta tó ti wà lọ́nà kò mọ̀ pé ojú èèyàn ló ṣí sílẹ̀. Ó bà á lójú ọ̀tún gan-an. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ọ̀dà àwọ̀ òféèfé ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Ìyá Onífèrè fọn fèrè títí ohùn fèrè fi há.

Ní ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì wé ojú rẹ̀. Dókítà ní yóò padà ríran, ṣùgbọ́n kò ní dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Onífèrè bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló sọ fún un kó bọ́ ìbòjú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan, nínú irú ariwo yẹn. Èmi náà fẹnu mọ́nu. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó ku èmi àti Onígbàjámọ̀. Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ mi jù. Mo gbọ́ tẹ́nì kan ní ó ti tán. Ketekete ni mo gbọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Mo wo báńdéèjì yẹn. Mo rò pé tí mo bá lanu báyìí, Sọ́ńdè mi ti parí nìyẹn. Mo ní, "Rárá, àbúrò. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó jọ̀wọ́ mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i lójú kan ṣoṣo tó kù níta pé ti ìyá rẹ̀ ló ń rò, síbẹ̀ mo jẹ́ kó máa rò ó.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò lè mú abẹ lọ sọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́. "Tí ohùn yẹn bá tún sọ̀rọ̀ ńkọ́? Tó bá ní kí n gé e lọ́rùn ńkọ́?" Ọ̀dọ̀ mi ló wá ń bọ̀. Lójoojúmọ́, láago mẹ́jọ, á gbé àga sí igun ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó títí mo fi máa palẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó bá dún, á bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, oníbàárà ni. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n pè mí?" Màá ní rárá, ọmọ ni wọ́n ń pè níta. Ó ní èmi nìkan ni òun lè gbà gbọ́ nínú ayé yìí mọ́, etí òun ti da òun.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rí ẹni bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ títí mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Ife méjì ni mò ń gbé tíì sí. Mo ń rí i tó ń rù, mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo sì ń ra búrẹ́dì kún búrẹ́dì. Èmi, tí mo pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè tó parí ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo lọ ṣe iṣẹ́ kan tó ń kán oníbàárà lójú ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀ lé mi. Mo ń fa ọ̀bẹ gíláàsì lọ gbọọrọ nígbà tó ní, "Mo ti bá dókítà ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ. Mo ní kó fún mi ní oògùn tí wọ́n fún ìyá mi, kó tó burú jù. Mo ti fi kílípà mi fún ẹnì kan."

Ọwọ́ mi yẹ̀. Gíláàsì náà la láti etí dé etí. Mo gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Èmi ni," mo wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo pariwo pé ó ti tán. Ọta mi ló tán. O ò gbọ́ ohùn kankan, àbúrò, èmi lo gbọ́. Nǹkan kan ò ṣe ọpọlọ rẹ."

Ó wò mí bíi pé ó ń ṣàánú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ torí mi." Mo búra. Kò gbà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí n jáde, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo jáde sójú títì. Àwọn èèyàn ń kọjá nínú aṣọ Sọ́ńdè wọn. Mo fọwọ́ bo ẹnu bí ìbòjú ṣe bò ó, mo kígbe, "Ó ti tán!" Obìnrin kan yà kúrò lọ́nà fún mi. Mo tún kígbe.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ohùn yẹn ni," ló ń wí. "Ohùn yẹn gan-an ni. Orí mi pé. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo rò pé bóyá ó ti bùṣe nìyẹn.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó dìde.

"Ti pápá yẹn, ẹ má fìyẹn da ara yín láàmú," ló wí. "Àṣìṣe ni. Èmi náà ò dúró de fèrè. Ṣùgbọ́n mo dì yín lọ́wọ́ mú ní ọsibítù, mo bi yín."

Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní wá mọ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jókòó síbí, ẹ ń wò mí."

Ó gbé àga padà síbi tó ti mú un, ó rọra ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, kò tiẹ̀ gbá a.

Kò lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì. Ó gba kílípà rẹ̀ padà, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i láti òdìkejì títì láago mẹ́sàn-án, ó ń fá ọrùn ọkùnrin kan, ó tẹ orí sápá kan díẹ̀ kí ojú òsì lè ríran dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín sóhun tó ń sọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí.

Mo ní káàárọ̀ o. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà lọ ṣí tèmi.