Ágádágodo Tèmi

Gbohùngbohùn ni orúkọ tí àwa obìnrin ilé-iṣẹ́ wa fún un. Òun kò mọ̀. Igbákejì Máníjà ni, ọkùnrin tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá síbi tí gírísì wà, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kéde èsì ìbò. Ohun tí obìnrin bá sọ nípàdé, bó pẹ́ bó yá, òun ni yóò tún un sọ, Máníjà yóò sì máa mi orí sí i.

Èmi ni onímọ̀-ẹ̀rọ tó ń bójú tó bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di ooru. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù là ń ṣe, ooru bọ́ílà la sì fi ń pa kòkòrò inú ìgò. Fáàfù kan wà lórí bọ́ílà yẹn tó yẹ kó ṣí fúnra rẹ̀, kó tú ooru dànù, bí ooru bá ti pọ̀ ju ohun tí irin lè gbà lọ. Mo dán an wò, kò ṣí. Mo tún dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó dì pa, kò mira. Ògiri kan ló sì wà láàárín bọ́ílà náà àti yàrá tí àwọn ìyá tó ń fọ ìgò ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí bọ́ílà bá bẹ́, ògiri yẹn kò ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: "Ẹ má bínú o, sà, bóyá èmi ni mi ò wò ó dáadáa, àmọ́ ó dà bí ẹni pé fáàfù bọ́ílà yẹn ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀." Irọ́ ni. Mo wò ó dáadáa, kò sì sí bóyá kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ká fi ẹnu kúnlẹ̀ ná ká tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Máníjà ní, "A gbọ́," ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án, àwọn tó fẹ́ máa ra omi wa. Kò pẹ́ sígbà náà ni Gbohùngbohùn húkọ́ díẹ̀. "Mo rò pé ká tún fáàfù bọ́ílà ṣe tó bá yá, lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti lọ." Máníjà na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ wo ẹni tó ń ronú."

Inú bí mi. Ẹni tó jí adìẹ èèyàn, tó tún wá sè é láìfi iyọ̀ sí i, ìkà méjì ló ṣe. Ó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ, ó sì fi ewu inú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ìyá mi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Màmá, bọ́ílà wa lè bẹ́, kó wó ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ pa á. Ọ̀gá ò fẹ́."

"Rọra bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

"Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ rere níbí, Màmá, mi ò rí obì, mi ò rí àpò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán. "Wọ́n lè lé ẹ o."

"Mo mọ̀."

"Ta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?"

"Àwọn ìyá tó ń fọ ìgò."

"Pa á. Tí wọ́n bá lé ẹ, wá jókòó tì mí, ká jọ máa bú wọn."

Òfin kan wà nílé-iṣẹ́ wa tó gbọ́n ju àwọn tó ṣe é lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ló ní ágádágodo tirẹ̀. Bó bá ti pa ẹ̀rọ, tó sì fi ágádágodo náà ti súìṣì, òun nìkan ló lè ṣí i. Máníjà kò gbọ́dọ̀ ṣí i, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ pàápàá kò gbọ́dọ̀. Gbogbo wa la mọ òfin yìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì fi dá ọ̀gá lọ́nà rí. Mo pa bọ́ílà, mo fi tèmi tì í, mo ki kọ́kọ́rọ́ sápò.

Máníjà bá mi níwájú súìṣì náà, Gbohùngbohùn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ta ló ní kó o pa á?"

"Èmi ni mo pa á, sà. Fáàfù yẹn kò ṣí. Tẹ́ ẹ bá tan bọ́ílà yìí, ó lè bẹ́."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, tọ́rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí."

Mi ò yájú sí i o. Àgbà ni, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì pé lẹ́nu mi. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mo yọ kúrò. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ṣe fúyẹ́ tó nígbà tí mi ò di ẹ̀bẹ̀ rù ú.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn àlejò fi dé. Olórí wọn, bàbá kan tó ní irùngbọ̀n, béèrè ìdí tí bọ́ílà fi kú.

"Iná ló ń ṣe ségesège, sà," ni Gbohùngbohùn dáhùn. "Ó máa tó tàn."

"Iná kọ́," ni mo wí.

Bàbá náà wò mí, ó tún yíjú sí Gbohùngbohùn. "Ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ bi, sà. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Fáàfù tó yẹ kó tú ooru dànù ti dì pa. Tá a bá pààrọ̀ rẹ̀, bọ́ílà á ṣiṣẹ́. Tá ò bá pààrọ̀ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́."

Ojú Máníjà pọ́n. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá, àbí kó o máa lọ sílé."

"Mo lè lọ sílé, sà. Kọ́kọ́rọ́ á bá mi lọ."

Mo fi ọwọ́ bo àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Àwọn ìyá tó ń fọ ìgò ti jáde wá síta, wọ́n ń wò wá. Máníjà kọjú sí wọn, ó ní kí wọ́n padà síbi iṣẹ́, pé òun máa ní kí wọ́n gé ágádágodo náà, bọ́ílà á sì tàn láìpẹ́. Kò sẹ́ni tó mira. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ìyá kan tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé nítorí pé kò sẹ́ni tó pè é sípàdé rí, ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ. Kò wo Máníjà, kò wo àlejò. Ó na ọrùn kọjá èjìká gbogbo wọn, èmi ló ń wò.

"Ọmọ mi, ṣé ká wọlé?"

"Ẹ má wọlé, Màmá."

Ó fa àpótí ìgò kan, ó jókòó lé e. Àwọn yòókù náà jókòó.

Máníjà wo àwọn àlejò, ó wo àwọn ìyá tó jókòó, ó yọ fóònù. Ó pe ẹni tó ń ra ohun èlò fún wa, ó ní kó wá fáàfù tuntun fún bọ́ílà kíákíá. Ẹni yẹn bi í ní nǹkan kan. Máníjà gbé fóònù kúrò létí.

"Irú fáàfù wo?" ló ní. Èmi ló ń bi.