A Dúpẹ́ Iná Tí Kò Tíì Dé

Bí ẹ bá dé òpópónà wa ní Ìgándò, tí ẹ bi mí pé, "Tíṣà, kí ni Olórí ìjọba rí mú bọ̀ láti òkè òkun?" ọ̀dọ̀ Alhaji Nùrẹ́nì, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ni màá ní kẹ́ ẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí. Mo ti bínú tán, mo tún ń bínú ni.

Ilésanmí ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, torí àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé rí, títí ayé ni yóò máa bá gbogbo àdúgbò kọ lẹ́tà. Cecilia ìyàwó mi ò lè mí dáadáa láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹ̀rọ kan ló ń fún un ní atẹ́gùn, iná sì ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Nínú oṣù kejì, tiransifọ́mà wa bú gbàmù, ó rú èéfín, ó kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ní ò lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Dókítà ò fi bò fún wa: bí iná ò bá dé kí oṣù kẹrin tó parí, Cecilia gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé wa. Baruwa ló máa lọ, lọ́dọ̀ Fẹ́kọ́mi ọmọ wa, tí òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé yàrá kan àti pálọ̀. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè rí. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti fẹ́ Cecilia, a ò gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Gbogbo ohun tí mò ń wá láyé yìí ò ju kí ìyàwó mi wà nínú ilé mi.

Ìgbà náà ni ìròyìn jáde pé Olórí wa ti wọ bàálù lọ sókè òkun, òun àti èrò rẹpẹtẹ, láti bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ní a máa ta gáàsì fún wọn, àwọn náà á kó ẹ̀rọ iná wá fún wa, títí kan tiransifọ́mà. A rí Olórí lórí fóònù: ó wọ kóòtù, ó ń bọ òyìnbó lọ́wọ́, ó ń fi bírò dídán fọwọ́ sí ìwé.

Ọjọ́ kejì ni Alhaji Nùrẹ́nì pe ìpàdé síbi tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọlọ́yàyà èèyàn ni, kò sí ìkà nínú ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ẹ jẹ́ ká tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ Olórí fún iná."

Mo ní, "Alága, iná wo? Ṣé iná ti dé ni?"

"Ah, Tíṣà, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá ṣe. Tá a bá ní ó dìgbà tó bá dé ká tó dúpẹ́, ẹlòmíì á ti dúpẹ́ gbà á. Ká dúpẹ́ sílẹ̀! Ẹni tá a ti kí kú iṣẹ́, ṣé ó máa lè ní òun ò ṣiṣẹ́ ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹni tó máa bá mi ta kò ó. Ká sòótọ́, èmi náà ò fẹ́ ta kò ó púpọ̀. Cecilia ló wà lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ kí iná lè dé, màá dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́. Mo kọ lẹ́tà náà, mo sì kọ ọ́ kó dùn: tiransifọ́mà tuntun tí ẹ gbé fún wa ti sọ òkùnkùn wa di ìmọ́lẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń súre fún yín. Mo fọwọ́ sí i, Alhaji náà fọwọ́ sí i.

Kò tán síbẹ̀ o. Alhaji tẹ bánà gbàǹgbà tó kọ ọpẹ́ sí, ó so ó mọ́ òpó tí tiransifọ́mà wa wà tẹ́lẹ̀. Ó tún ní fọ́tò gbọ́dọ̀ fi iná hàn. Wọ́n bá yá jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, wọ́n gbé e pamọ́ sẹ́yìn fẹ́ǹsì, wọ́n fi ogún gúlóòbù yí bánà ká. Gbogbo wa tò sábẹ́ ẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi fọ́tò àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì fún àwọn oníná ní ẹ̀dà kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fàdìlàt wá láti ọ́fíìsì àwọn oníná. Ó bá èmi àti Alhaji lábẹ́ òpó, ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Ẹ kú oríire o, sà. Tiransifọ́mà mẹ́jọ ni wọ́n ní ká pín ní agbègbè wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tá a rí lẹ́tà yín pé ẹ ti gba tiyín, a gbé e fún òpópónà tó tẹ̀ lé yín. Àná ni wọ́n tan iná wọn. Mo ní kí n wá wo bí tiyín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí."

Alhaji ní, "Àwọn mẹ́jọ yẹn, ṣé òkè òkun ni Olórí ti kó wọn wá?"

"Rárá o, sà. Inú ilé ìkẹ́rùsí wa ni wọ́n wà látọdún tó kọjá."

Orí mi gbóná. "Ọmọ mi, dákun, gbójú sókè! Wo òpó yẹn! Kí lo rí lórí ẹ̀?"

Ó gbójú sókè. "Bánà ni, sà."

"Yàtọ̀ sí bánà ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń wò ní ọ́fíìsì." Ó ṣí fáìlì. Lẹ́tà mi rèé, ìbuwọ́lù mi rèé nísàlẹ̀ ẹ̀. Fọ́tò náà rèé, èmi rèé tí mò ń yọ eyín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Iná yín mọ́lẹ̀ gan-an níbí, sà. Iná wo wá nìyẹn?"

Alhaji yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́.

Àánú wa ṣe ọmọ náà. Ó ní tiransifọ́mà ṣì ku ẹyọ kan. Kí a kọ lẹ́tà pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣòótọ́, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí òun mú un dání lọ báyìí. Tó bá fi di ọ̀la, wọ́n á ti gbé e fún ẹlòmíì, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Mo gba bébà lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ ìlà mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i, mo na bírò sí Alhaji. Ó kó ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Olórí ṣì wà lókè òkun, ó ń bá àwọn òyìnbó jókòó lọ́wọ́, àwa ọmọ ẹ̀ á wá máa kọ̀wé pé irọ́ la pa? Ojú wo la fẹ́ fi wò ó? Ẹ jẹ́ kó dé ná jàre."

"Alhaji, ìyàwó mi!"

"Ọlọ́run á fún ìyá ní àlàáfíà, inṣà Allah."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣàdúrà, ìwé ni mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí!"

Mo pariwo, mo bẹ̀bẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú iyanrìn. Ó fà mí dìde, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má gé ẹ̀mí òun kúrú. Ṣùgbọ́n kò gba bírò. Fàdìlàt dúró títí, ó wo aago, ó ní ká má bínú, ó lọ.

Mo délé, mo rò ó fún Cecilia, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. "Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé ọ jáde."

Ó mí, ó sinmi, ó tún mí. "Bàbá Fẹ́kọ́mi, ṣebí ẹ kà á sí mi létí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́. Èmi náà ṣe àmín." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. "Ẹ bá mi fa báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Lọ́jọ́ kẹta, tí oṣù kẹrin ti ń parí lọ, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Baruwa, mo gbé ẹ̀rọ sórí itan. Fẹ́kọ́mi ti tẹ́ ibùsùn tóóró kan sí pálọ̀. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ iná, ó ń kùn, ara Cecilia sì wálẹ̀. Mo jókòó tì í títí àwọn ọmọ fi dé láti ilé ìwé, tí wọn ò ríbi jókòó. Mo dìde, mo padà sílé.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tí Alhaji Nùrẹ́nì fi kanlẹ̀kùn. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Tíṣà, Olórí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì! Ẹ bá wa kọ lẹ́tà ìkíni káàbọ̀ kan." Ó yọjú wo inú ilé. "Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

"Cecilia ò sí nílé."

"Ṣé wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ó lọ síbi tí iná wà, Alhaji."

Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.