Ojú Irin Lẹ́yìn Rore

"Bí ẹ bá fa èèkàn yẹn tu, ọlọ́pàá ló máa wá gbé yín," Fulera wí.

Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀ ti di orí èèkàn náà mú, ó ń mì ín síwá sẹ́yìn. Àwọn èèkàn mìíràn tò lọ láàárín ebè iṣu títí dé ìdí igi obì. Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan yìí, ilé-iṣẹ́ rélùwéè fẹ́ la ojú irin gba ẹ̀yìn Rore.

"Ilẹ̀ bàbá mi ni," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Ta ló bi mí léèrè kí wọ́n tó wọ̀ ọ́?"

Ó fi èèkàn sílẹ̀, ó mú àdá, ó lọ jókòó lábẹ́ igi obì. Láti ìgbà tí àwọn awọnlẹ̀ rélùwéè ti wá kan èèkàn ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò bu òkèlè, kò ní jẹ ẹ́. Ó sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá bá wọn sọ̀rọ̀ ti bá wọn ta ilẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Ọlábọ̀dé, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀, dé, Fulera ló lọ pàdé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tá a bá ní a ò gbà ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Òfin fún rélùwéè lágbára láti gba ilẹ̀ tí ojú irin bá máa gbà. Wọ́n á sanwó irè oko, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kí wọ́n má kọjá."

"Odò wa ńkọ́? Òdì kejì ojú irin ló máa wà."

"Tí irin bá ti délẹ̀, ẹni tó bá kàn gba orí rẹ̀ kọjá ti rúfin."

"Kí la ó wá máa mu?"

"Òfin kan náà ní tí wọ́n bá la ilẹ̀ èèyàn sí méjì, kí wọ́n ṣe ibi ìkọjá fún un. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló máa fi ibi tó fẹ́ hàn wá, kí a tó kúrò níbí lónìí."

Fulera bojú wẹ̀yìn. Ọ̀ṣẹ́nì ti dìde pẹ̀lú àdá, ó ń wò wọ́n. Síbẹ̀ obìnrin náà ṣíwájú Ọlábọ̀dé, ó tọ ọ̀nà odò lọ dé ibi tí àwọn èèkàn ti dábùú rẹ̀.

"Ibí ni," ó wí, kò gbójú sókè.

Ọlábọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbá èèkàn mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ó wí fún awọnlẹ̀ náà. "Omi máa ń bo ibẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ máa bọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àdá ṣán koríko níwájú wọn.