Àga Iwájú Bàbá Ìṣirò

Lọ́dún tí owó yunifásítì ga ju òpó iná lọ, òkú ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò. Bàbá Ìṣirò ti wà nínú sàréè tipẹ́, àmọ́ fídíò rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sára ògiri kíláàsì. Àwọn aláṣẹ ní ó dín ìnáwó kù. Òkú ò kúkú ń gba owó oṣù. Owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ibi tó gbà.

Nínú fídíò náà, ibì kan wà tí bàbá máa ń dákẹ́, á wo àga kan níwájú kíláàsì bí ẹni ń gbọ́ ìbéèrè, á wá ní, "O ṣeun. Jókòó." Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀? Eruku orí àga yẹn tó ohun tí èèyàn lè gbin iṣu sí.

Àfi ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè tún un ṣe. "Àbúrò mi, má kúrò níbẹ̀ títí á fi yé ọ," lẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò ní ẹ̀rọ míì tí mo máa tà."

Ló bá lọ jókòó sórí àga.

"Ṣé orí ẹ pé?" olórí kíláàsì bi í.

"Ó pé ju tìẹ lọ, ìwọ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta."

Bàbá dákẹ́. Ó wo àga. Abèèrè kì í ṣáà ṣìnà, Ẹnu-Ò-Sinmi dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà kẹta yẹn ò yé mi."

"O ṣeun. Jókòó."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé. Ọmọkùnrin ò jókòó. "Kò yé mi, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ta ẹ̀rọ rẹ̀."

Bàbá yíjú padà lára ògiri, ó nu pátákó nù mọ́ féfé, ohun tí kò ṣe rí nínú fídíò yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ó tó dé ìlà kejì, gbogbo kíláàsì ti sá jáde, bàtà wọn kún ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n ń tà á.

Ìṣirò yé Ẹnu-Ò-Sinmi yékéyéké. Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó ti yé mi."

"Jókòó," ni bàbá wí. "Àwọn tí kò tíì yé ṣì ń bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá kọ́ wọn."

Lọ́dún kejì, owó tún lé. Olùkọ́ méjì ló wá wà lára ògiri, ọ̀kan ṣì kéré, ẹfun ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan máa ń wá jókòó sórí àga iwájú.

"Àbúrò mi, ṣé ó ti yé ọ?"

Olùkọ́ kékeré á dákẹ́, á wo àga náà.

"Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."